Ewé Ìwé Tí Mo Gbé Padà Lọ sí Ìṣẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Mansẹ́sítà, mo ti dé o. Erùpẹ̀ pupa Èkìtì ṣì wà ní etí bàtà mi, n kò sì tíì fẹ́ nù ún kúrò. Ẹ ti ń pè mí lórí fóònù pé ṣé mo gbádùn, ṣé iná ń wà, ṣé ọ̀nà dára. Ẹ jẹ́ ká fi ti iná àti ti ọ̀nà sílẹ̀. Ohun tó gbé mi lọ ni mo fẹ́ rò fún yín, nítorí ọ̀dọ̀ yín ló ti bẹ̀rẹ̀, ojú yín náà ni mo sì ti pa irọ́ tó lé mi dìde lórí àga.

Ẹ rántí ìpàdé ìwé wa, ọjọ́ tí a ní kí oníkálukú dárúkọ ìwé kan tó kà ní kékeré, tó sì fẹ́ kí àwa yòókù wá kà. Ẹnìkan dárúkọ ìwé ìmọ́tótó kan tí eṣinṣin ti ń wọ bàtà lọ sí ilé onílé. Ẹnìkan ní ìwé orin ìsìn ni tòun, torí òun nìkan ni ìwé tó wà nílé wọn, bí wọ́n bá kọ ọ́ tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tún kà á bí ìtàn nílé. A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó kàn mí, mo ní ìwé tèmi ni Ilé Ẹ̀yìn Odò.

Mo rò ó fún yín. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àbẹ̀ní, ìyá rẹ̀ sọdá odò lọ ṣòwò, kò sì padà. Gbogbo ìlú ní kí ọmọ náà gbàgbé, ọmọ kò gbàgbé. Ó sọdá, ó rìn, ó bi àgbẹ̀, ó bi ọdẹ, títí ó fi dé iwájú ilé kan tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ bí àwọ̀ ewé. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnìkan tó ń bọ̀.

Gbogbo yín pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ta ló ṣílẹ̀kùn?" Mo ní mo ti gbàgbé, pé ó ti pẹ́ jù.

Irọ́ gbuu ni. Ewé tó kẹ́yìn ìwé yẹn, èyí tí ìdáhùn wà nínú rẹ̀, wà nínú àpò Bíbélì mi lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, kò jìnnà sí àwo ẹ̀pà tí ẹ ń jẹ. Èmi ni mo fà á ya nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹlòmíràn ni wọ́n sì dá lẹ́bi rẹ̀.

Òfin Tíṣà

Ní Ìkéré, ní àdúgbò wa, Tíṣà kan wà tó ní àpótí ìwé. Pákó ni àpótí náà, ó ní ìdè irin, Tíṣà sì máa ń gbé e kiri ibikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, tí a bá ti jáde nílé ìwé, a máa ń jókòó sórí ilẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, yóò sì yá wa ní ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé àwọn ẹyẹ tí àwòrán rẹ̀ ti ṣí. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé ìjàpá kan tó jẹ́ pé epo ti kán sí ojú ìwé tí ìjàpá ti ń jẹ àsáró, àwa sì gbà pé epo ìjàpá ni. Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré nílé, ẹ wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún un, kí ẹ má sì wá èyí tó mọ́ jù.

Òfin kan ṣoṣo ni Tíṣà ní, ṣùgbọ́n ó le. Kí o tó gba ìwé, wàá yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìwé lójú ìwé, lẹ́yìn náà lo máa kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá ti kọ orúkọ, gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ nínú ìwé náà ti di tìrẹ, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn ló bà á jẹ́. Ó máa ń sọ pé, "Orúkọ tó gbẹ̀yìn ni mo mọ̀."

Nígbà tí màmá mi, tó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mẹ́rin, ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú mi wá, Tíṣà mú ìwé tuntun kan jáde. Òórùn ilé ìtẹ̀wé ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní, "Yẹmisí, níwọ̀n bí o ti ń fi wá sílẹ̀, ùwọ ni kó o kọ́kọ́ ka èyí." Bí Ilé Ẹ̀yìn Odò ṣe bọ́ sí ọwọ́ mi nìyẹn.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀: ìyá ọmọ sọdá odò, ìyá tèmi sọdá òkun. Mo wá rò ó pé n kò lè lọ láìmú ewé tó kẹ́yìn yẹn dání. Mo fi itọ́ pa ìdí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó lè rọ̀, mo fà á díẹ̀díẹ̀, kò dún rárá. Ní ọjọ́ Ẹtì mo gbé ìwé náà lọ. Ọ̀rẹ́ mi Dúpẹ́ ló kàn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló máa yẹ̀ wò? Ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti gbà á.

Nígbà tí ìwé náà padà dé ọwọ́ Tíṣà, mo ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá mi àgbà ló ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi fa ìwé Tíṣà ya, pé wọ́n ti ní kó má yá ìwé mọ́. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo rún un, mo jù ú sínú ìdọ̀tí. Ọdún méjìlélógójì kọjá. Ìbéèrè yín ló gbé e padà wá, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá lọ rí Dúpẹ́, n kò ní lè ka ìwé kankan ní ìpàdé wa mọ́ láìtijú.

Ìkéré

Àpáta ni mo kọ́kọ́ rí. Olósùnta ṣì wà níbi tó wà, kò bi mí pé níbo ni mo lọ. Àwọn ènìyàn ló bi mí. Obìnrin tó ni ilé tí mo sùn sí wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó kí mi káàbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó wá ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ará ibo ni yín?"

Mo ní ọmọ Ìkéré ni mí. Mo sì sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, mo ní mò ń wá ulé Tíṣà tó ní àpótí ùwé. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò ṣe é láti fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní èmi nìkan lòun gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà òun, ṣùgbọ́n ohùn ọmọdé ló wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo wà nígbà tí mo gbé èdè náà lọ, n kò sì rí ẹni tí ì bá bá mi mú un dàgbà. Ní Mansẹ́sítà wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí àlejò, mo dé Ìkéré, ó tún rí bẹ́ẹ̀.

Káyọ̀dé ni mo lọ bá. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nígbà náà, nísinsìnyí ó ti di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ní irùngbọ̀n funfun, ó sì ní ìwé láti ilẹ̀ kan àjà. Ìyàwó rẹ̀ gún iyán fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìyẹ̀fun ro iyán nínú ìkòkò níbí, Ọlọ́run á dárí jì yín. Iyán yẹn ń fà, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà ní ẹran ìgbẹ́ nínú, mo jẹ títí mo fi tú ìró.

Mo bi í bóyá ó rántí Ilé Ẹ̀yìn Odò.

"Ah! Ṣé mo lè gbàgbé ni! Èmi ni mo kà á tẹ̀lé Dúpẹ́. Nígbà tí kò ti ní ìparí mọ́, Tíṣà ní ẹni tó bá kà á gbọ́dọ̀ dìde níwájú gbogbo wa kó sọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn kó tó lè yá òmíràn. Mo ní sójà ni."

"Sójà?"

"Sójà tó gbé ìbọn! Ó ní, 'Ta nìyẹn?' Àbẹ̀ní sì na pápá bora." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tíṣà ní kí n jókòó, pé mo gbìyànjú."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wá nu ojú rẹ̀, ó ní, "Gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Eku ni."

"Ta ni Eku?"

"Dúpẹ́ náà ni! Ṣebí eku ló ń jẹ ìwé. Eku la ń pè é títí a fi kúrò ní pírámárì. Kódà, nígbà tí mo rí i níbi ìsìnkú kan láìpẹ́ yìí, orúkọ yẹn ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, 'Eku, báwo ni?'"

"Kí ló sọ?"

"Ó ní dáadáa ni."

Mo fi òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi padà sínú àwo. Ó yẹ kí n sọ fún un níbẹ̀, lójú ìyàwó rẹ̀, kí n ní èmi ni. Mo kàn bi í pé ibo ni Dúpẹ́ wà. Ó ní òun kò gba nọ́ńbà rẹ̀, pé ìyàwó Tíṣà tó wà ní Èmùré ló lè mọ̀, torí Èmùré ni wọ́n gbé Tíṣà lọ lẹ́yìn Ìkéré, ibẹ̀ náà sì ni ìlú ìyàwó rẹ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ ti kú. Káyọ̀dé fún mi ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó ní kí n pè é bí mo bá débẹ̀. Mo dúpẹ́, mo jáde, ojú sì tì mí gan-an.

Èmùré

Màmá Tíṣà, bí a ṣe ń pe ìyàwó Tíṣà, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, ó ń sun iṣu. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde, pé orúnkún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò lágbára. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Ní Èmùré ọ̀rọ̀ máa ń ṣáájú àlejò dé.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Jẹun ná. Uṣu rèé, epo rèé. A kì í gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹni tébi ń pa."

Mo sọ fún un pé mo ti jẹun. Ó ní ìyẹn jẹ́ ti Ìkéré. Ó fi ọ̀bẹ ha èédú kúrò lára iṣu náà, ó gé e, ó tú epo pupa sínú àwo, ó bu iyọ̀ sí i. Ẹ̀fọ́ kò sí, ẹran kò sí. Láti ìgbà tí mo ti padà, gbogbo ohun tí mo ń jẹ níbí kò ju kí n ṣáà ti jẹun. Ó wò mí títí mo fi jẹ tán, ó tún ní kí n mu omi. Kí n tó lè la ẹnu, ó ní kí n bá òun ka lẹ́tà kan láti ilé ìfowópamọ́. Mo kà á. Ó wá ní, "Ó yá, sọ̀rọ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo mú ewé náà jáde nínú àpò Bíbélì. Ó ti pọ́n bí awọ àlùbọ́sà, ojú ibi tí mo ti ká a ti fẹ́ẹ́ ya. Kò fi ọwọ́ kàn án.

"Bàbá le mọ́ ọmọ yẹn," ó ní. "Odindi ọdún kan ló fi ní kó má yá ùwé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ṣíwọ́ wíwá. Ní ọjọ́ Ẹtì, yóò wá jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kò ní gùn ún wá sókè, yóò máa gbọ́ bí àwọn yòókù ti ń sọ ìtàn. Èmi ni mo bẹ Bàbá. Mo ní kó gbà á padà. Ó ní bí ọmọ náà bá gbà pé òun ló fà á ya, òun á forí jì í. Ọmọ náà kò gbà."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀."

"Ṣé kò dárúkọ mi?"

Màmá Tíṣà wò mí. "Kò dárúkọ ẹnìkankan."

Ọkàn mi bàjẹ́ níbẹ̀, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Dúpẹ́ mọ̀. Àwa méjì nìkan ni ọwọ́ wa kan ìwé náà kí ó tó padà dé ọwọ́ Tíṣà, ọmọ náà kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀, ó sì panu mọ́ odindi ọdún kan ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Màmá Tíṣà ní nígbà tí àwọn dé Èmùré, ìwé tí kò ní ìparí yẹn ló wá di ààyò. Àwọn ọmọ a máa jà lé e lórí, torí gbogbo wọn ló fẹ́ dìde sọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Èyí tí Èmùré gbà jù ni ti ọmọbìnrin kan tó ní arúgbó kan ló ṣí i, tó ní, "Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà kejì lọ láàárọ̀ yìí, ó ń lọ wá ọ." Ó ní títí di òní, bí ènìyàn bá lọ kí ẹnìkan nílé tí kò bá a, àwọn àgbà tó ti ọwọ́ Tíṣà kọjá ṣì máa ń sọ pé, "Ó ti gba ọ̀nà kejì."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí ó forí jì mí. Kò gbé mi dìde lọ́tẹ̀ yìí.

"Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Ìlú Ìṣẹ́ ni Dúpẹ́ wà. Òun ni ọ̀gá ilé ìwé kan níbẹ̀. Bàbá fún un ní àpótí náà kó tó kú." Ó bá mi di iṣu méjì fún ọ̀nà, ó ní ọ̀kan jẹ́ ti Dúpẹ́.

Ìṣẹ́

Wọ́n sá kòkó sí ẹ̀bá ọ̀nà nígbà tí mo dé Ìṣẹ́, òórùn rẹ̀ kan bí ọtí. Bí a ti ń pọ́n kòkó tútù lá ní kékeré, èmi àti Dúpẹ́, tí a sì ń fi kóró rẹ̀ sọ ara wa, ó wá sí mi lọ́kàn, ó sì dùn mí. Ẹni tí mo bi léèrè ọ̀nà fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, ó bá mi rìn dé ẹnu ilé náà, ó sì bínú nígbà tí mo fẹ́ fún un ní nǹkan.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, àti bàtà ọmọdé lórí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ Ẹtì ni. Nǹkan bí ọmọ mẹ́wàá ló jókòó sórí ilẹ̀, àpótí onípákó náà sì wà láàárín wọn, ìdè irin rẹ̀ ti dípẹtà. Dúpẹ́ wà lórí àpótí ìjókòó. Ó ti sanra díẹ̀, ó wọ awò ojú, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ kò yí padà. N kò gun àtẹ̀gùn. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, láàárín àwọn bàtà, mo dúró títí àwọn ọmọ fi yá ìwé tán tí wọ́n sì lọ.

Ó ti rí mi. Ó ń to ìwé padà sínú àpótí, kò gbójú sókè.

"Yẹmisí, kí lo ń ṣe nísàlẹ̀ ibẹ̀? Àga wà lókè."

Mo gòkè. Mo fún un ní iṣu Màmá Tíṣà. Ó kí mi káàbọ̀, ó bi mí léèrè ọkọ, ọmọ, òtútù, ó béèrè gbogbo ohun tó yẹ kí ènìyàn béèrè, ohùn rẹ̀ kò sì gbóná, kò tutù. Mo gbé ewé náà lé e lórí itan.

"Kí lèyí? Ùwé ni?" Ó yọ awò, ó tún un wọ̀. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó gbé e sún mọ́ ojú.

Mo ní, "Dúpẹ́, èmi ni. Mo bẹ̀ ọ́."

"Mo mọ̀ pé ùwọ ni." Ó wá bú jáde. "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, Yẹmisí, ẹni tó kó o kì í gbàgbé! Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí! Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pè mí? Níbi ìsìnkú, níwájú àwọn olùkọ́ tó wà lábẹ́ mi, àgbà ọkùnrin pè mí ní Eku. Lẹ́tà kan ṣoṣo, Yẹmisí. Ká ní o kọ lẹ́tà kan péré sí Tíṣà, gbogbo rẹ̀ ì bá ti tán. Mò ń retí rẹ̀. Mo máa ń bi ìyá rẹ àgbà pé ṣé o kọ̀wé."

Mo ní mo bẹ̀rù, pé bí mo bá jẹ́wọ́, màmá mi á mọ irú ọmọ tó ránṣẹ́ pè. Mo ní nígbà tí màmá mi ṣílẹ̀kùn fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù, kò rí bí ó ṣe rí nínú ewé yẹn, ó ti pẹ́ fún iṣẹ́, ó ní kí n bọ́ bàtà mi. Mo ní n kò lè sọ ewé náà nù nítorí ìyẹn.

Mo wá mú fóònù, mo pe Káyọ̀dé, mo jẹ́ kó máa dún síta kí Dúpẹ́ lè gbọ́. Mo ní, "Káyọ̀dé, ọ̀dọ̀ Dúpẹ́ ni mo wà. Èmi ni mo fa ìwé Tíṣà ya kí n tó lọ. Kì í ṣe òun. Èmi ni Eku yẹn láti ìgbà náà."

Ó wá ní, "Dúpẹ́ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́," Dúpẹ́ dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀."

"O kò béèrè," ni Dúpẹ́ wí, ó sì nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Mo forí jì ọ́. Ṣùgbọ́n wàá sọ fún gbogbo àwọn yòókù." Káyọ̀dé ní òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Dúpẹ́ wá ka ewé náà sókè. Kò gùn. Ìyá Àbẹ̀ní ló ṣílẹ̀kùn, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, wọ́n padà sílé, inú gbogbo ìlú dùn.

"Ó tán?" Ó yí i padà, ó tún yí i padà. "Ohun tó o jí náà nìyí?"

Mo ní òun ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ni ìparí tirẹ̀, nígbà tí Tíṣà wá gbà á láyè láti yá ìwé padà. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀.

"Tèmi, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ náà wá, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àbẹ̀ní mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó ń dúró. Tíṣà bi mí pé kí ló dé tí ẹni náà kò ṣí i. Mo ní ó ń bẹ̀rù."

Omi ń dà lójú mi, n kò sì nù ún.

Ó fi ìka tọ́ka sí ẹ̀yìn ewé náà. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀, bí wọ́n ti máa ń fi sí ìparí ìwé ọmọ ilé ìwé. Mo ti rí wọn nígbà púpọ̀, n kò kà wọ́n sí nǹkan kan rí. Ó ka ẹ̀kẹta sókè: "'Sọ ọ̀nà mìíràn tí ìtàn yìí ì bá gbà parí.' Ó yá, Yẹmisí. Gbogbo wa la ti dáhùn. Ó ku ùwọ."

Mo ronú. Mo ṣí ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ Ìkéré, ọmọ Èmùré, ọmọ Ìṣẹ́, gbogbo wọn ló ní ìparí tiwọn. Èmi tí mo ní ewé lọ́wọ́ láti gbogbo ọdún yìí wá, èmi nìkan ni n kò ronú kan ìparí kankan rí.

Dúpẹ́ ká ewé náà, ó fi í sínú àpò ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú àpótí, ó mú Ilé Ẹ̀yìn Odò jáde, wọ́n ti fi páálí sìmẹ́ńtì bò ó. Ó ní, "Mú un lọ. Bí o bá ti rí ìdáhùn, kó o gbé e padà wá, kó o sì dìde sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ."

Ìwé náà wà níbí, ẹ̀yin ará wa, lórí tábìlì ilé ìdáná mi. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ kà ju gbogbo ìwé tí mo ti dárúkọ rí lọ, bó ṣe wà yẹn gan-an, láìní ìparí. Mo ti sọ ohun tó wà nínú ewé náà fún yín, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ wá sọ tiyín.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí mo ṣe gbà á. Mo ti mú bírò, mo fẹ́ kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn rẹ̀, Dúpẹ́ sì di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Yẹ̀ ẹ́ wò ná."

Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo ṣí ìwé náà lójú ìwé lójú ìwé, láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń wò mí. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn, mo fi ìka kan ibi tí mo fi itọ́ pa nígbà yẹn. Mo ní, "Ewé kan kò sí níbí."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Mo kọ orúkọ mi.